Ológbò Siamese àti ìjà àwọ̀: ta ló ni kí pupa má bá wọn pé?

Bí dókítà ẹranko bá fá irun ẹ̀gbẹ́ ológbò Siamese kan nítorí iṣẹ́ abẹ, ohun tó máa hù síbẹ̀ lẹ́yìn náà lè dẹ́rù ba ẹni tó ni ín. Ibi tó funfun bíi wàrà tẹ́lẹ̀ á hu irun dúdú, á wá dà bíi pé ẹnì kan lẹ aṣọ mọ́ ẹran náà lára. Àìsàn kọ́. Ibi tí wọ́n fá ló gba òtútù, òtútù ló sì ń kun ológbò yìí lọ́dà. Tó bá tún pààrọ̀ irun, èyí tó bá hù lábẹ́ ìyẹn á funfun padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé lórí àwọ̀ ẹran yìí kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ ológbò sínú ìwé ìran ti ń bára wọn fà á látọdúnmọ́dún, tí wọn ò sì tíì fẹnu kò. Ẹgbẹ́ CFA ní Amẹ́ríkà ní àwọ̀ mẹ́rin péré ló ń jẹ́ Siamese. Ẹgbẹ́ GCCF ní Ìlú Ọba àti ẹgbẹ́ TICA ní irọ́ ni, àwọn tó pupa, àwọn abilà àti àwọn adíkálà náà jẹ́ Siamese. Ọ̀rọ̀ náà tún wá gbóná sí i nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rí jíìnì (ìyẹn àṣẹ inú ara tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ) tó ń mú kí ológbò pupa, èyí tí wọ́n ti ń wá fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà síta níparí ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Kí a tó dórí pupa, kí ni Siamese gan-an?

Orílẹ̀-èdè Siam, tó ti di Thailand báyìí, ni ó ti wá. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Wichienmaat. Ó wà nínú àwọn ìwé ewì àtijọ́ wọn tí wọ́n fi ya àwòrán ológbò tó ń mú orí ire wọlé àtàwọn tó ń kó ibi wọlé, ó sì wà lára àwọn olórí ire: ara rẹ̀ funfun, ẹnu, etí, ìrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Lọ́dún 1871, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje ológbò ńlá àkọ́kọ́ ní Crystal Palace ní London, wọ́n kó irú rẹ̀ wá, akọ̀ròyìn kan sì kọ ọ́ pé ó dà bí ohun téèyàn ń rí lójú àlá burúkú. Lọ́dún 1878, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Bangkok fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyàwó Ààrẹ Rutherford Hayes. Àmọ́ èyí tí gbogbo ayé máa ń rántí ni takọtabo tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Blencowe Gould, kó wálé láti Bangkok ní 1884 fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Pho àti Mia ni wọ́n ń jẹ́. Lọ́dún 1901, àbúrò yẹn wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ Siamese sílẹ̀ ní Ìlú Ọba.

Nínú ìròyìn gbogbo wọ̀nyí, ara funfun àti ìpẹ̀kun dúdú ni àwọn èèyàn ń sọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà. Ní 1930, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ́ Iljin fá irun Siamese, wọ́n jẹ́ kí òtútù mú ibi tí wọ́n fá, wọ́n sì rí i pé dúdú ló hù. Ohun tí dókítà ẹranko ń ṣe lónìí láìmọ̀ọ́mọ̀, àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Nínú ara gbogbo ẹranko, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ tyrosinase. Òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pípo aró tó ń di àwọ̀ irun, awọ ara àti ojú. Jíìnì tó ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa ṣe é, TYR lorúkọ rẹ̀. Lára Siamese, lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí nínú àṣẹ yẹn, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Davis sì kéde rẹ̀ ní 2005. Àyípadà kékeré yìí ò ba tyrosinase jẹ́ pátápátá o. Ó kàn sọ ọ́ di ọ̀lẹ nínú ooru. Ara ológbò máa ń gbóná tó nǹkan bí 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú ooru yẹn, tyrosinase ọ̀hún ò lè dìde ṣiṣẹ́, aró ò sì ní pò. Àmọ́ etí tín-ín-rín, ìrù jìnnà sí ikùn, ẹsẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba imú kọjá nígbà gbogbo. Ibẹ̀ tutù ju àyà àti ikùn lọ, ibẹ̀ náà ló sì ń dúdú.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ Siamese fi máa ń funfun láúláú lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Inú ìyá rẹ̀ gbóná bákan náà látòkè délẹ̀, kò síbi tí aró lè ti pò. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jáde, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ létí, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ìrù. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ọmọ ẹran náà dọ̀tí. Àwọn tó ń sin wọ́n fẹ́ràn àsìkò yìí, nítorí ó dà bí ìgbà téèyàn ń wo àwòrán tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí pépà. Ológbò tí ń gbé níbi tó tutù máa ń ṣú ju mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí ń gbé níbi tó gbóná lọ. Èyí tó bá sì ti ń dàgbà á máa ṣú sí i káàkiri ara.

Ojú wọn náà ńkọ́? Ibi tí kò bá sí aró nínú ẹyinjú, búlúù ló máa ń yọ. Gbogbo Siamese ló ní ojú búlúù, kò sí àfi. Àmọ́ aró tó ṣaláìsí yẹn ní ohun mìíràn tó ń ṣe. Nígbà tí ọmọ ẹran ṣì wà nínú, aró wà lára ohun tó ń ran àwọn okùn iṣan ojú lọ́wọ́ láti mọ apá ọpọlọ tí kálukú máa lọ. Láìsí i, àwọn kan máa ń ṣìnà gba ìhà kejì. Ọ̀mọ̀wé Guillery ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1969, David Hubel àti Torsten Wiesel, tí wọ́n padà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981, sì tún ṣe iṣẹ́ lé e lórí. Òun ló fa á tí ọ̀pọ̀ Siamese àtijọ́ fi máa ń wo imú ara wọn. Ìtàn kan wà pé ìkòkò wúrà kan nínú tẹ́ńpìlì ni wọ́n tẹjú mọ́ débi tí ojú wọn fi dà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n iṣan ojú ló ṣe é. Àwọn tó ń sin wọ́n ti ń ṣa àwọn tí ojú wọn tọ́ láti fi bímọ fún ọdún pípẹ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í rí èyí tó wo imú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ìṣìnà yẹn tilẹ̀ ṣì wà nínú orí wọn.

Wàyí o, àwọ̀ mẹ́rin tí CFA fọwọ́ sí. Orúkọ tí àwọn tó ń sin wọ́n ń pè wọ́n ni seal, blue, chocolate àti lilac. Seal ni èyí tó ṣú bí igi tó jóná, òun ni Pho àti Mia. Chocolate pọ́n díẹ̀ bí orúkọ rẹ̀. Blue kì í ṣe búlúù rárá, àwọ̀ eérú tó tutù ni. Lilac ni eérú tó fẹ́ pọ́n díẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lójú. Mẹ́rin ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan méjì péré ló ṣẹlẹ̀. Dúdú ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Jíìnì kan, TYRP1, lè sọ dúdú di chocolate. Òmíràn, MLPH, lè mú kí aró ṣùjọ síbi kan nínú irun dípò kó tàn káàkiri, dúdú á wá di eérú. Tí kò bá sí ọ̀kankan, seal ni. Tí méjèèjì bá pàdé, lilac ni.

Ọmọ gbọ́dọ̀ gba irú jíìnì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá kó tó hàn lára rẹ̀. Nítorí náà, bí seal méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi àwọn méjèèjì pamọ́ sínú bá bímọ, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún ni a lè retí pé yóò jẹ́ lilac. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n gbà sínú ìwé.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀. Ní 1896, wọ́n gbé ológbò Siamese blue kan lọ síbi ìdíje ní Ìlú Ọba. Louis Wain, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwòrán ológbò, ni adájọ́. Kò fún un lẹ́bùn. Lójú tirẹ̀, Siamese tí kò bá ṣú kì í ṣe Siamese. Nígbà tó yá, láàrin ọdún 1930 sí 1940, àwọn ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba gba blue wọlé. Chocolate tẹ̀lé e. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn: àwọ̀ tí adájọ́ kan lé síta ti wà lára mẹ́rin tí CFA wá ń pè ní ojúlówó lónìí. Ẹni tó bá ń sọ pé pupa ò wọlé láéláé yẹ kó rántí pé ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa blue rí.

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ pupa yàtọ̀ sí ti blue. Blue ti wà nínú àwọn ológbò tí wọ́n kó wá láti Siam, ó kàn fara pamọ́ ni. Pupa ní tirẹ̀, ìta ni wọ́n ti mú un wọlé. Àwọn tó ń sin ológbò ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà mú Siamese, wọ́n fi bá ológbò onírun kúkúrú mìíràn tó pupa bímọ, wọ́n wá ń dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ Siamese láti ìran dé ìran títí ara, orí àti ohùn wọn fi dà bíi ti Siamese. Bí wọ́n ṣe rí red point (point ni ìpẹ̀kun ara tó ní àwọ̀, bí etí àti ìrù), cream point tó jẹ́ pupa tó ṣá, àwọn adíkálà tí wọ́n ń pè ní tortie point, àti àwọn abilà nìyẹn. GCCF gbà wọ́n mọ́ Siamese. CFA kọ̀, ó fún wọn lórúkọ tiwọn, Colorpoint Shorthair, ó sì jẹ́ kí wọ́n wọ ìdíje pẹ̀lú orúkọ yẹn ní 1964.

Ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ máa ń rú àjèjì lójú. Ká ní abo tortie point kan bí ọmọ fún akọ seal point, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì jẹ́ seal point tó ṣú dáadáa, tí ojú rẹ̀ búlúù bí òfuurufú. Ní London, Siamese ni. Lọ́dọ̀ CFA, Colorpoint Shorthair ni, nítorí ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí pupa kankan lára òun fúnra rẹ̀, tí kò sì ní pupa láti fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kankan. Ẹran kan náà, ìwé méjì.

Kí ni pupa yìí gan-an? Jíìnì rẹ̀ wà lórí kúrọ́mósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà lórí wọn. Clarence Little ti ń wí bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1912, ṣùgbọ́n ibi tó wà gan-an lórí X ló ṣòroó rí. Akọ ní X kan, nítorí náà akọ á pupa tàbí kó má pupa. Abo ní méjì. Tí ọ̀kan bá mú pupa dání tí èkejì ò mú un dání, abo náà á di adíkálà, torí pé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀, X kan máa ń sùn lọ. Mary Lyon ló ṣàlàyé ìsùn yìí ní 1961, ara eku ló ti kọ́kọ́ rí i. Èwo nínú méjèèjì ló máa sùn? Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún un, ibi tó bá bọ́ sí náà ni. Nítorí ẹ̀ ni adíkálà méjì kì í fi í jọra láéláé. Lára tortie point, orí etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù nìkan lèèyàn ti lè rí eré yìí, torí ibẹ̀ nìkan ni òtútù ti jẹ́ kí aró jáde.

Ní 2024, ikọ̀ méjì tí wọn ò jọ ṣiṣẹ́, ọ̀kan ní Yunifásítì Kyushu ní Japan lábẹ́ Hiroyuki Sasaki, èkejì ní Stanford ní Amẹ́ríkà níbi tí Christopher Kaelin àti Greg Barsh wà, dé ibì kan náà. Jíìnì tí wọ́n ń pè ní ARHGAP36 ni. Lára ológbò pupa, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́tà ti já sọnù nítòsí rẹ̀. Èyí tó já yẹn kì í ṣe jíìnì fúnra rẹ̀. Ó jọ pé òun ló máa ń sé e mọ́ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń po aró. Nígbà tó ti já, jíìnì náà jí síbi tí kò yẹ kó jí sí, ó sì dí ọ̀nà tí àṣẹ pé kí aró dúdú pò máa ń gbà. Aró pupa ló wá kù. Àwọn ará Japan kọ́kọ́ wo ológbò méjìdínlógún: mẹ́wàá tó ní pupa lára ní àjálẹ̀ yẹn, mẹ́jọ tí kò ní pupa ò ní i. Wọ́n tún wo mọ́kàndínláàádọ́ta sí i, kò sì yí padà. Mo gbádùn apá kan nínú ìtàn yìí ju àwọn yòókù lọ: àwọn olólùfẹ́ ológbò ló dá owó jọ fún iṣẹ́ Sasaki.

Kí ni èyí wá ṣe sí ìjà àwọn ẹgbẹ́? Ó mú ariwo kan kúrò, ó sì jẹ́ kí òmíràn hàn kedere. Láti ìgbà yìí lọ, wọ́n lè fi owú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ológbò kí wọ́n sì mọ̀ bóyá pupa wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn wúlò fún àwọn ọmọ tí àwọ̀ wọn ṣì fẹ́lẹ́, nítorí cream kékeré àti lilac kékeré lè tan ẹni tó ti ń sin wọ́n fún ogún ọdún jẹ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìlà Siamese rẹ̀ kí pupa má wọ̀ ọ́, ó ti rí ohun tí yóò fi ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ò lè sọ bóyá pupa yẹ kó wọlé. Lójú tèmi, àríyànjiyàn CFA kì í ṣe ti àwọ̀, ti ìtàn ni: wọ́n fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó wá láti Siam nìkan. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Àmọ́ tí ìtàn bá ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká wo ara. Wichienmaat inú ìwé àtijọ́ lórí roboto, ara rẹ̀ sì le. Siamese tó ń gba ife ẹ̀yẹ lónìí gùn bí okùn, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, etí rẹ̀ tóbi bíi ti àdán. Kò sẹ́ni tó lé e jáde nítorí ìyẹn, kódà lọ́dọ̀ CFA. Èyí tó jọ ti àtijọ́ ni ẹgbẹ́ TICA yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní Thai. Nítorí náà, orí lè yí padà kí orúkọ má yí, ṣùgbọ́n etí ò gbọ́dọ̀ pupa. Èmi ò rí bí ìyẹn ṣe bára mu.

Àwọn tó wà lẹ́yìn CFA ní èsì kan tó lágbára jù, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún pupa, kí ló máa ti í mọ́ àwọn tó funfun lẹ́sẹ̀ àtàwọn tó kù? Àwọn ti òdìkejì náà á sì ní agbo tí wọ́n bá tì pa máa ń kéré sí i, tí mọ̀lẹ́bí ń fẹ́ mọ̀lẹ́bí, tí àìsàn á sì máa wọlé. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, wọ́n kàn ń bẹ̀rù ohun tó yàtọ̀ síra ni.

Ìjà kékeré kan tún wà nínú ìjà ńlá yìí, nípa ilà. Kí ológbò tó hàn bí abilà, jíìnì kan, ASIP, gbọ́dọ̀ gbà fún ilà láti yọ. Tó bá kọ̀, àwọ̀ dúdú á bo ilà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí pupa bò. Ológbò pupa máa ń fi ilà rẹ̀ hàn yálà ASIP gbà tàbí kò gbà. Báwo ni adájọ́ á ṣe mọ̀ bóyá red point tó ní ilà fẹ́lẹ́ lójú jẹ́ red point lásán tàbí red abilà? Lára àwọn abilà tó ṣú, wọ́n máa ń wo ẹ̀yìn etí, níbi tí àmì kan máa ń wà bíi pé ẹnì kan fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Lára pupa, àmì yẹn kì í hàn dáadáa. Ìwé ìran òbí ni wọ́n gbójú lé tipẹ́tipẹ́, àyẹ̀wò ASIP ló sì ń yanjú rẹ̀ báyìí.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ ra ológbò, tí kò ní ìdíje kankan lọ́kàn, ohun kan ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ojú búlúù àti etí dúdú kò sọ ológbò di Siamese. Ológbò lásán méjì tí wọ́n fi jíìnì TYR yẹn pamọ́ sínú lè bí ọmọ tó dà bíi Siamese láìsí Siamese kankan nínú ìran wọn tí ẹnikẹ́ni rántí. Láti ọdún 1930 sókè ni wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ gbé jíìnì náà wọ inú Persian ní Yunifásítì Harvard, ibẹ̀ ni Himalayan ti jáde. Ragdoll ní i. Birman ní i. Kódà irú àyípadà bẹ́ẹ̀ wà nínú ehoro. Nítorí náà, ẹni tó bá ń polówó ọmọ ológbò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n" kó lè bu owó lé e, ẹ bi í léèrè ìwé ìran, ẹ sì bi í léèrè ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí i. Ṣíṣọ̀wọ́n tí lilac ṣọ̀wọ́n kì í sọ ọ́ di onílera ju seal lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọmọ ọlọ́sẹ̀ kan fún yín kó sì dá yín lójú pé blue ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, funfun ni gbogbo wọn.